Orí Kẹrin: Apá àti Ọwọ́ Nínú Fírísítáì

Nínú orí tó ṣáájú èyí, a ti kọ́ bí ara ṣe ń tẹ́ pẹrẹsẹ sójú omi àti bí a ṣe ń mí láìgbé orí sókè. Bí ìyẹn ò bá tíì mọ́ yín lára, ẹ padà síbẹ̀ ná, torí apá ò lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa lára ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rì. Iṣẹ́ apá ló kàn báyìí. Ẹsẹ̀ ń ran ara lọ́wọ́ láti tẹ́, ó sì ń fi díẹ̀ kún eré, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú agbára tó ń gbé òmùwẹ̀ síwájú nínú fírísítáì, apá ló ti ń wá.

Ẹnikẹ́ni ò ní láti kọ́ àwọn ọmọ Ìlàjẹ àti ọmọ Ẹ̀gùn tó ń gbé etí ọ̀sà ní Bàríga bí wọn ò ṣe ní bẹ̀rù omi. Ẹ lọ sí jẹ́tì Ìlàjẹ nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń bẹ́ láti orí ọkọ̀ sínú omi. Orí wọn á wà lókè, apá wọn á nà gbọọrọ, wọ́n á máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá omi. Ìwẹ̀ yẹn ní ìwúlò tirẹ̀: ojú ń rí ọkọ̀ tó ń bọ̀, omi ìdọ̀tí ò sì wọ ẹnu. Àmọ́ bí ọ̀nà bá jìn, tàbí tó bá di ti ìdíje, ó ń jẹ agbára púpọ̀. Ní ti ọmọ àárín Ṣómólú tó jẹ́ pé adágún ìwẹ̀ Rowe Park ní Yábàá tàbí ti Yunifásítì Èkó ló ti kọ́kọ́ wọ omi tó mu ún dé àyà, àléébù tirẹ̀ yàtọ̀: ó ń kánjú yọ ọwọ́ kúrò nínú omi kí ọwọ́ náà tó ṣe iṣẹ́ kankan. Àwọn méjèèjì ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ orí yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé nǹkan òyìnbó là ń kọ́. Ní 1602, Pieter de Marees, ará Netherlands, tẹ ìwé kan jáde nípa Etíkun Góòlù, ìyẹn Gánà òde òní, ó sì ròyìn bí àwọn ará etíkun náà ṣe mọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó. Onímọ̀ ìtàn Kevin Dawson kó ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé rẹ̀, Undercurrents of Power, tó jáde ní 2018. Ó fi hàn pé àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti ń ju apá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú omi nígbà tí àwọn ará Yúróòpù ṣì ń fi ọwọ́ méjèèjì la omi lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí àwọn ọmọ Ojibwe méjì láti Àríwá Amẹ́ríkà ju apá báyìí ní London ní 1844, kò wu àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wò wọ́n. Ọdún 1873 ni John Trudgen tó mú nǹkan tó jọ ọ́ wọ inú ìdíje wọn, nígbà tó sì di nǹkan bí 1901, Alick Wickham, ọmọ Erékùṣù Solomon, ń fi bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ nílé wọn han àwọn ará Sydney. Láti ibẹ̀ ni àgbáyé ti gbà á. Àwọn èèyàn etíkun ló ni ín, etíkun sì ni Bàríga.

Àjẹ̀ yín gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ

Òfin kan ṣoṣo ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé: ibi tí ẹ bá ti omi sí, òdì kejì rẹ̀ ni omi á ti yín sí. Bí ẹ bá ti omi sísàlẹ̀, orí àti àyà yín á gòkè, ẹsẹ̀ á sì rì. Bí ẹ bá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí yín á máa fì. Ìgbà tí ẹ bá tì í sẹ́yìn nìkan lẹ tó ń lọ síwájú. Omi wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 800, nítorí náà ó ṣeé dì mú dáadáa tí ọwọ́ bá kọjú sí ibi tó yẹ.

Ẹ wo apẹja tó ń wa ọkọ̀ kékeré lábẹ́ Third Mainland Bridge. Á na àjẹ̀ síwájú, á rì í wọ omi kó tó fà á, ibi pẹlẹbẹ àjẹ̀ náà á sì kọjú sẹ́yìn gangan. Tí ẹ bá fojú sí i dáadáa, ẹ ó rí i pé àjẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó ti wọ omi. Ọkọ̀ ló ń wá bá a tó sì ń kọjá rẹ̀. Bí apá ṣe gbọ́dọ̀ ṣe nínú fírísítáì nìyẹn. Àjẹ̀ yín kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́ nìkan. Láti orí ìka dé ìgúnpá, gbogbo rẹ̀ ni àjẹ̀. Ẹni tó bá ń fi àtẹ́lẹwọ́ nìkan wẹ̀ ti sọ èyí tó ju ìdajì àjẹ̀ rẹ̀ nù.

Bí ọwọ́ ṣe ń wọ omi

Ọwọ́ gbọ́dọ̀ wọ omi níwájú orí, ní ọ̀gangan èjìká. Orí ìka ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí ọrùn ọwọ́ tẹ̀ lé e, kí ìgúnpá gbẹ̀yìn, kí gbogbo wọn sì gba ojú ihò kan náà tí ìka là. Kí àtẹ́lẹwọ́ dojú kọ ìsàlẹ̀.

Bí ẹ bá gbọ́ “pàà!”, àtẹ́lẹwọ́ ló gbá omi, afẹ́fẹ́ sì ti bá ọwọ́ wọlé nìyẹn. Ẹ wọ awò ìlúwẹ̀ẹ́ kí ẹ wo ọwọ́ yín lábẹ́ omi. Ìfófò funfun á bo ìka àti ẹ̀yìn ọwọ́, á máa tú díẹ̀díẹ̀ bí ọwọ́ ṣe ń lọ sẹ́yìn, ó sì lè jẹ́ ìgbà tí ọwọ́ bá dé abẹ́ àyà kí ó tó tán. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ọwọ́ ń yọ̀ ni, kò di nǹkan kan mú. Bí ọwọ́ bá wọlé jẹ́ẹ́, ẹ ó rí awọ ọwọ́ yín àti èékánná yín kedere láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdánwò yìí ò gba owó, kò sì gba olùkọ́. Ẹ máa ṣe é nígbà gbogbo tí ẹ bá wọ adágún.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbí. Àkọ́kọ́ ni kí ọwọ́ ré kọjá àárín orí bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ara á máa wọ́ kiri, èjìká á sì máa há. Ìkejì ni kí àtàǹpàkò kọ́kọ́ wọlé, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú síta. Àwọn olùkọ́ ìgbà kan fi kọ́ni bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹ ṣì máa rí ẹni tó ń ṣe é. Ẹ fi sílẹ̀. Ó ń lọ́ egungun apá nínú èjìká nígbà tí apá nà tán sókè, ibẹ̀ sì ni ìrora èjìká ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ọwọ́ bá wọlé, ẹ na án síwájú lábẹ́ omi, kí ara yí díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ náà kí apá lè gùn sí i. Ìka ni kó wà nísàlẹ̀ jù, ọrùn ọwọ́ lókè rẹ̀ díẹ̀, ìgúnpá lókè ọrùn ọwọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ṣe é ní òdì: wọ́n á gbé orí ìka sókè, àtẹ́lẹwọ́ á wá kọjú síwájú. Bíréèkì nìyẹn.

Mímú omi

Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tó kù nínú orí yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ibí.

Apá ti nà tán síwájú. Ẹ̀ka ara kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbéra: láti ìgúnpá dé orí ìka. Ìgúnpá á dúró sókè nítòsí ojú omi, á kọjú síta díẹ̀, ọwọ́ á wá rọ̀ sísàlẹ̀ títí orí ìka á fi kọjú sí ìsàlẹ̀ adágún. Nígbà yẹn, àtẹ́lẹwọ́ àti inú apá ìsàlẹ̀ ti jọ kọjú sẹ́yìn. Ẹ ò tíì fa nǹkan kan o. Ẹ ti mú omi ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ò mọ èyí ni pé ìgúnpá á kọ́kọ́ já sísàlẹ̀, ọwọ́ á wá máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ibi pẹlẹbẹ apá ò ní kọjú sẹ́yìn. Tàbí kó na apá gbọọrọ kó sì tẹ omi mọ́lẹ̀ láti òkè títí dé ìsàlẹ̀, bí àwọn ọmọ etí ọ̀sà ṣe máa ń ṣe. Ó máa ń dùn mọ́ èèyàn, torí ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń takò ó, ó ń rò pé òun ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ló ń ṣe lóòótọ́, àmọ́ orí rẹ̀ ló ń gbé sókè, kò gbé ara rẹ̀ síwájú. Èjìká ló sì ń san owó rẹ̀.

Mímú omi gba sùúrù. Tí ẹ bá fi ipá ṣe é, ìgúnpá á já. Ẹ rọ ọwọ́ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́ títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára pé omi ti tẹ́ sí inú apá yín láti ọrùn ọwọ́ dé ìtòsí ìgúnpá. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó lo agbára. Kì í ṣe gbogbo èjìká ló rọ̀ tó láti gbé ìgúnpá sókè bí ti àwọn tó ń wẹ̀ nínú Òlíńpíìkì. Bí tiyín ò bá dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ wọ inú omi jìn díẹ̀ sí i kí ẹ tó mú un. Ọwọ́ tó jìn díẹ̀ tó kọjú sẹ́yìn sàn ju ìgúnpá tó ga tó ń dunni lọ.

Ti ìka ńkọ́? Ẹ má lẹ̀ wọ́n pọ̀ pinpin, ẹ má sì yà wọ́n gbàgà. Àwọn tó ti ṣèwádìí rẹ̀ rí i pé àlàfo kékeré láàárín ìka dára díẹ̀ ju ìka tó lẹ̀ pọ̀ lọ, torí omi kì í rọrùn láti gba àlàfo tóóró bẹ́ẹ̀ kọjá, ọwọ́ á wá dà bí ẹni pé ó fẹ̀ sí i. Bí ìka ṣe máa ń wà tí ẹ bá gbé ọwọ́ lé orí tábìlì láìronú nípa rẹ̀, ó tó.

Fífà àti yíyọ

Ẹ fa ọwọ́ tààrà sẹ́yìn lábẹ́ èjìká yín. Nígbà tó bá ń kọjá lábẹ́ èjìká, ìgúnpá á ti tẹ̀ tó nǹkan bí ìwọ̀n 90 sí 100. Ẹ jẹ́ kí eré ọwọ́ máa pọ̀ sí i bó ṣe ń lọ sẹ́yìn, kó má jẹ́ pé ipá ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló ní. Apá nìkan kọ́ ló ń fa omi: ara tó ń yí láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì ń gbé ẹran ẹ̀yìn, lábẹ́ abíyá, wọ inú iṣẹ́ náà, ẹran yẹn sì lágbára ju ti èjìká lọ.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà olùkọ́ pé kí ẹ fa ọwọ́ ní kọ́rọ́kọ̀rọ, wọlé wọ̀de lábẹ́ àyà. Ọ̀rọ̀ náà ní orísun tó lọ́lá. James Counsilman, olùkọ́ ní Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, ya fíìmù àwọn òmùwẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ omi, títí kan Mark Spitz tó gba góòlù 7 ní Munich ní 1972. Ó rí i pé ọwọ́ wọn ń rìn kọ́rọ́kọ̀rọ, ìwé rẹ̀ sì gbé èrò náà káàkiri ayé. Lẹ́yìn ìgbà náà, Rajat Mittal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò bí omi ṣe ń ṣàn yí apá ká. Ohun tí wọ́n rí ni pé fífà tó lọ tààrà sẹ́yìn ló ń mú agbára tó dára jù wá. Yíyí tí ara ń yí á jẹ́ kí ọwọ́ tẹ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi kún un.

Nígbà tí ọwọ́ bá kọjá ìbàdí, ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ kó wo itan, kí ẹ jẹ́ kí ìka kékeré kọ́kọ́ yọ. Ẹni tó bá ń ju omi sókè lẹ́yìn ara rẹ̀ ń ti ìdí ara rẹ̀ rì.

Apá lókè omi

Ìsinmi ni ìgbà yìí jẹ́ fún apá. Ìgúnpá ló ń ṣáájú, ọwọ́ á rọ̀ dirodiro tẹ̀ lé e. Ẹ máa rí àwọn eléré tó ń na apá gbọọrọ lókè omi nínú ìdíje mítà 50. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, eré kúkúrú sì ni. Fún ẹni tó ń kọ́, ẹ jẹ́ kí ìgúnpá tẹ̀.

Ọwọ́ kan ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà nígbà tí ìkejì ṣì wà lẹ́bàá itan. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ iwájú dúró nínà títí ọwọ́ tó ń bọ̀ lókè á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀gangan orí. Ara tó gùn nínú omi ń yọ̀ lọ ju ara kúkúrú lọ.

Ìgbà tí ẹ bá ń mí ni ohun gbogbo máa ń bàjẹ́. Bí orí bá yí sí ọ̀tún láti mí, ọwọ́ òsì tó wà níwájú máa ń já sísàlẹ̀, torí ọpọlọ ń wá nǹkan tí yóò gbára lé. Lẹ́yìn tí ẹ bá mí tán, apá òsì yẹn ti wà lábẹ́ àyà, kò sí omi kankan tó máa mú mọ́. Ẹ ní kí ẹnì kan dúró ní etí adágún kó máa wo ọwọ́ iwájú yín nìkan nígbà tí ẹ bá ń mí. Òun ló máa sọ òótọ́ fún yín.

Bí ó bá rẹ apá, ìgúnpá ló máa ń kọ́kọ́ já. Ẹ wo fídíò Eric Moussambani ti Equatorial Guinea ní Òlíńpíìkì Sydney ní 2000. Adágún òtẹ́ẹ̀lì kékeré ló ti kọ́ ìwẹ̀ ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, ó sì wẹ mítà 100 ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 52.72. Ní ìparí eré náà, ọwọ́ rẹ̀ ń wọ omi ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan mú mọ́. Ọkùnrin tó nígboyà ni, ó sì padà di olùkọ́ àwọn òmùwẹ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ẹ wá wo Abiola Ogunbanwo, ọmọ Nàìjíríà, tó wẹ mítà 100 fírísítáì ní Tokyo ní 2021 ní ìṣẹ́jú àáyá 59.74. Nǹkan bí ọ̀rúndún kan ṣáájú, ní 1922, Johnny Weissmuller ni ọkùnrin àkọ́kọ́ láyé tó wẹ mítà 100 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú àáyá 58.6. Ọmọbìnrin wa ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i.

Ìdánrawò

Ẹ kọ́kọ́ ṣe é nílé. Ẹ dojú bolẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, kí èjìká wà ní etí rẹ̀, kí apá nà síwájú. Láìjẹ́ kí ìgúnpá kúrò lójú kan, ẹ rọ ọwọ́ sílẹ̀ títí ìka á fi kọjú sí ilẹ̀. Ẹ ṣe é títí ara á fi mọ̀ ọ́n láìronú. Èyí tí ara ò mọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kò ní mọ̀ ọ́n nínú omi.

Nínú adágún, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni fífi ìkúùkù wẹ̀. Ẹ di ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ wẹ mítà 25 bẹ́ẹ̀. Kò ní sí àtẹ́lẹwọ́ láti gbára lé, apá ìsàlẹ̀ á ní láti wá omi mú fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá tún la ọwọ́ padà, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ọwọ́ kan wẹ̀, kí ìkejì nà síwájú láìmira. Fún apá tó ń padà lókè, ẹ jẹ́ kí orí ìka máa wọ́ lójú omi láti ìbàdí dé iwájú. Ìgúnpá á gòkè tipátipá.

Ẹ máa ka iye ìgbà tí ẹ ju ọwọ́ láti ìgbátí kan adágún dé èkejì, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí iye náà bá ń dín kù lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, tí àkókò yín ò sì lọ́ra sí i, ọwọ́ yín ti ń mú omi. Bí ẹ bá ń ju ọwọ́ púpọ̀ sí i kí ẹ lè yára, ẹ padà sídìí ìkúùkù.

Ní ti ọ̀sà

Ìgbì máa ń gbá ọwọ́ tó bá fara rọ omi jù, nítorí náà ẹ gbé ọwọ́ ga díẹ̀ sí i lókè nígbà tó bá ń padà, kí ẹ sì jẹ́ kó wọ omi jìn díẹ̀. Ní àkókò òjò, koríko tó ń léfòó lórí ọ̀sà lè dì mọ́ apá. Ẹ má bá a jà, ẹ yípo. Àwọn tó ń wa yanrìn ti gbẹ́ ihò jíjìn sí àwọn ibì kan tí ojú omi ò fi nǹkan kan hàn. Ọkọ̀ onínjìnnì ò rí orí èèyàn láti òkèèrè. Omi náà ò mọ́ tó kéèyàn máa dojú bò ó fún ìgbà pípẹ́. Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ló ń bómi lọ, ẹni tó gbójú lé apá rẹ̀ jù ni wọ́n ń bá wí. Ẹ má dá wọ ọ̀sà. Ẹ kọ́ ọwọ́ ní adágún, kí ẹ tó gbé e lọ sí ọ̀sà pẹ̀lú ẹni tó ní ọkọ̀ àti okùn.

Èjìká tó ń dunni nígbà tí ẹ bá gbé apá sókè ń sọ̀rọ̀. Ẹ dúró. Ẹ wò ó bóyá àtàǹpàkò ló ń kọ́kọ́ wọ omi, tàbí ọwọ́ ló ń ré kọjá àárín. Bí ìrora náà ò bá lọ lẹ́yìn ìsinmi, ẹ má fi ìpara àti ìfọwọ́ra nìkan tọ́jú rẹ̀. Ilé ìwòsàn egungun tó wà ní Ìgbóbì ò jìnnà sí Ṣómólú, iṣẹ́ wọn sì ni.

Ẹ̀yin òmùwẹ̀ àgbà tí ẹ wà ní Ìlàjẹ Bàríga, ẹ̀yin tí omi ò lè mú ní ẹ̀rù, mo bẹ̀ yín: bí ọmọ àdúgbò bá tọ̀ yín wá láti kọ́ ìwẹ̀, ẹ má sọ fún un pé kó ṣáà máa ju apá. Ẹ dúró pẹ̀lú rẹ̀ nínú omi tó mu yín dé ìbàdí, ẹ di ìgúnpá rẹ̀ mú lókè, kí ẹ ní kó rọ ọwọ́ sílẹ̀.